Ìgbà Mẹ́rin tí Madam Oghogho Gbégbá Ìbò

Rónkẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú,

Orí àga rọ́bà kan nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Jakpa Road ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn kan fẹ́ gba kánópì fún ìsìnkú, mo ní kí òkú wọn ṣe sùúrù díẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, bá mi nà án, kí o máa kà á lọ.

Kí n tó sọ nǹkan kan, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tí bàbá rẹ í ṣe. Èmi yìí ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé Madam Oghogho, ọ̀gá rẹ tuntun, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí kì í bá ṣe tèmi ni, ta ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀ ní Ugborikoko? Ìgbà mẹ́rin ló gbégbá ìbò, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ bí iké.

Ó dáa. Ìyá rẹ ti yọjú wo ìlà yẹn láti ẹ̀yìn mi, ó sì ti bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Jẹ́ kí n dín in kù díẹ̀. Àga ni mo fi yá Madam. Àga àti kánópì. Ohun tí ọwọ́ mi gbé ni àga.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ ní gáráàjì lọ́jọ́ tí mo sìn ọ́ lọ wọ ọkọ̀ Asaba ló mú mi kọ̀wé. Mo ní, "Rónkẹ́, rọra o. Ọ́fíìsì ìjọba kò dà bí ilé." O rẹ́rìn-ín, o fi Píjìn dá mi lóhùn bí ìṣe rẹ: "Papa, no fear. Na you put the woman for there. She no fit do me anyhow." Ọkọ̀ ti gbéra. Mo juwọ́ sí ọ, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ti ẹ̀bà tí ìyá rẹ gbé ka iwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wá bírò. Irọ́ tí mo fi ń pa yín lẹ́rìn-ín láti kékeré ti di ẹṣin tí ìwọ fẹ́ gùn lọ síbi iṣẹ́. Bí o bá wọ ọ́fíìsì obìnrin yẹn pẹ̀lú èrò pé ó yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, o máa ṣubú, ọmọ mi, èmi ni mo sì máa ti tì ọ́.

Nítorí náà, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Mi ò ní sọ ọ́ báyìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn ná, kí n lè dà bí bàbá gidi lójú rẹ fún ìgbà díẹ̀.

Èkínní. Má fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe ìlérí.

Nígbà tí Madam kọ́kọ́ gbégbá ìbò, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Tíṣà ìṣirò ni òun nígbà náà. Ó ti kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa, ó sì ti na ìdajì tó kù. Obìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í yá a, kò sì mọ ijó jó. Ní Warri wa níbí, olóṣèlú tí kò mọ ijó jó dà bí apẹja tó ń bẹ̀rù omi. Gbogbo wa la ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn olóṣèlú yòókù máa ń rán ènìyàn wá gba àga ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó jókòó sórí ọ̀kan, ó mì ín síwá sẹ́yìn, ó dìde, ó jókòó sórí òmíràn. Nígbà tí ìpolongo parí, àga tàwọn yòókù padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta, òmíràn kò tiẹ̀ padà. Tirẹ̀ padà pé pérépéré, wọ́n ti fi omi nù ún, òun alára sì gbé méjì dání wọlé. Rónkẹ́, ogójì ọdún ni mo ti ń yá ènìyàn ní àga. Ṣe o fẹ́ mọ ìwà ènìyàn? Wo bí ó ṣe ń dá àga padà.

Orí mi wú lọ́jọ́ náà, ẹnu mi sì là. Mo ní, "Madam, àwa Yorùbá àdúgbò yìí, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìlàjẹ, gbogbo wọn pátá, àpò mi ni wọ́n wà."

Ó wò mí. "Baba, all of them?"

"All. Even the ones wey dey sleep."

Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ, irú èyí tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ń lò, ó kọ nǹkan sí i. Ó tún bi mí bóyá àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní káàdì ìdìbò níbí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Madam, card na small thing." Ó pa ìwé náà dé.

Káàdì kì í ṣe nǹkan kékeré, ọmọ mi. O mọ àwọn ènìyàn wa. Ibi iṣẹ́ ni à ń pe Warri, a sì ń pe ibi tí a kọ́ ilé sí tí ẹnikẹ́ni kò gbé ní ilé. Alhaji tó ń ta abọ́ ní ìkángun wa níbẹ̀ yẹn, o mọ̀ ọ́n, ibí ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, kò sí gọ́tà Ugborikoko tí kò tíì já sí lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni káàdì rẹ̀ wà, ó ń dìbò fún aṣòfin tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ní àdúgbò tí kò sùn sí ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tó lágbára wọ ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn tí kò lágbára ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà.

Madam Oghogho fìdí rẹmi. Ìbò tí wọ́n fi borí rẹ̀ ní agbègbè wa kò ju iye àga tí píkọ́ọ̀pù mi ń kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Àwọn ènìyàn wa tí mo kó sí àpò rẹ̀ ì bá kún píkọ́ọ̀pù náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Asaba tí o wà yẹn, àwọn kan máa wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú fìlà àti ariwo. Wọ́n á ní àwọn ní ènìyàn lẹ́yìn bí eṣú. Fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, fún wọn ní omi tútù, kí o wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí Madam bi mí: káàdì wọn dà?

Èkejì. Mọ bí a ṣe ń pàdánù.

Ẹni tó borí ń jó ní òpópónà. Madam mú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta bọ́lì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ́káníísà tó sọ ọ́ gbangba pé òun ò dìbò fún un. Ó wá sí ilé wa náà. Ìbẹ̀wò yẹn, fi àmì síbẹ̀. Màá padà sí i, bí kò tilẹ̀ wù mí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n kí ọba tó kọ́ òmíràn, ó gbọ́dọ̀ dúró ka òpó tó kù. Ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe nìyẹn pẹ̀lú ìdúpẹ́. Ó ń ka òpó.

Ẹ̀kẹta. Má fi ìbínú kúrò níbi tí ọ̀nà rẹ wà.

Nígbà kejì, kò tiẹ̀ dé iwájú ará ìlú. Inú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbé e ṣubú. Èmi ni mo gbé àga lọ síbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní kó fi sílẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú òyìnbó. Ó ní òun ò fi sílẹ̀, kí wọ́n ka ìbò. Wọ́n kà á. Mo lè fi ọwọ́ méjì mi ka àwọn tó dìbò fún un, ìka á sì ṣẹ́kù fún mi láti fi họ orí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ mìíràn ti dé ẹnu-ọ̀nà rẹ̀: wá sọ́dọ̀ wa, a ó fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa rò pé ó máa lọ. Kò lọ. Ó padà sí kíláàsì rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo bá a lẹ́nu-ọ̀nà ilé-ìwé, mo ní, "Madam, wọ́n fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, o ṣì wà níbẹ̀?" Ó ní, "Baba, if I run today, who go know where to find me tomorrow?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, torí èmi ti sá rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ káfíńtà gbá mi létí lójú oníbàárà. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wọ ọkọ̀ wá sí Warri, ó ku oṣù mẹ́rin péré kí n gbòmìnira. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ bí wọ́n ṣe ń kan ìlẹ̀kùn dòní. Àga nìkan ni mo mọ̀, nígbà tí àga onígi sì kógbá sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn ní oníke. Etí mi gbóná fún wákàtí kan, ìlẹ̀kùn sì lọ títí ayé. Ó lè gbá ọ létí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ o, Madam yẹn. Ẹnu rẹ̀ mú. Dúró. Fi omi bọ́jú. Padà sídìí tábìlì.

Ẹ̀kẹrin. Èyí jẹ́ ti ìyá rẹ, mo kàn ń bá a kọ ọ́ ni.

Nígbà kẹta, ẹgbẹ́ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin ìlú òyìnbó ti padà síbi tó ti wá. Ó kù bí oṣù mélòó kan kí ìbò dé, Madam gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ lọ, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Kò bèèrè ìbò. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Mummy, where you dey spend your life?"

Ìyá rẹ ní, "Here now."

"When gutter full, who house e dey enter?"

"My house."

"Then vote for here. Whether na me or no be me."

Ó wá ṣí ìwé rẹ̀, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé káàdì láti ìlú kan wá sí òmíràn, bí ìgbà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ó ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì, láti ọ̀sán títí tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ ló kó àwọn obìnrin wa jọ. Wọ́n tò sínú oòrùn ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọ́n gbé omi àti àga dání. Àga mi ni. Jọ̀wọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àga mi ni.

Ó wọlé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn alátakò sì gbé e lọ sí kóòtù. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ní ẹjọ́ lọ́rùn, wọ́n á káwọ́ lérí. Òun ní kí lọ́yà máa bá ẹjọ́ lọ, kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Kóòtù ní òun ló ni ìjókòó náà.

Ẹ̀karùn-ún, tàbí ẹ̀kẹfà, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Jẹ́ ẹni tó ń fún ara rẹ̀ ní máàkì.

O rántí bí ó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ bá lọ sí ìsinmi, ó máa ń wá sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á gba àga lọ́wọ́ mi, á jókòó síwájú gbogbo wa, á sì ka ìwé rẹ̀ sókè. Á ní: Mo ní màá la gọ́tà, mo ti là á. Mo ní màá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iná, mo ti sọ ọ́, iná kò tíì wá. Mo ní màá gbẹ́ omi fún ẹ̀yin tó wà lápá ọ̀hún, mi ò gbẹ́ ẹ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe lọ́jọ́ kan pé, "Madam, you fail that one o!" Ó gbójú sókè. Ó ní, "I fail am. I go resit am." Pápá náà dàrú fún ẹ̀rín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, omi jáde. Mo ti gbọ́ olóṣèlú tó pọ̀ ní ayé mi, Rónkẹ́, àga mi ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Òun nìkan ni mo gbọ́ tó sọ gbólóhùn yẹn láti orí àga mi.

Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gùn jù, ènìyàn méjì ti sùn ṣubú láti orí àga mi nítorí rẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ ọjà tó bẹ̀rẹ̀ ṣì wà láìlórùlé, mo sì ti sọ fún un lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà kẹrin tó jáde, gbogbo àga tí mo ní láyé kò lè gba ìyàtọ̀ ìbò tó fi wọlé.

Ó ku díẹ̀. Bí àlejò bá ti abúlé wá rí Madam, má jẹ́ kó dúró lórí ìdúró. Àga wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá wà nínú ọ́fíìsì, má sọ pé kò sí. Bí ẹnì kan bá fún ọ ní nǹkan lábẹ́ tábìlì, gbé e sórí tábìlì kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n má ṣe di ọmọ ju ọmọ onílé lọ. Kí o sì máa jẹun. Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì: kí o máa jẹun.

Ó dáa. Mo ti sáré yí ilé náà ká tán, ó wá ku ẹnu-ọ̀nà.

Ní ti iṣẹ́ rẹ: mo ti sọ fún gbogbo Jakpa Road pé èmi ni mo gbà á fún ọ. Lóòótọ́ ni mo pe Madam. Ohun tó sọ ni pé, "Baba, let her write the test with the others." O ṣe ìdánwò náà, o yege. Ọpọlọ rẹ ló gbà á fún ọ, o sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo ti rí ọpọlọ.

Ó wá ku ìbẹ̀wò yẹn.

Lọ́jọ́ kejì tí ó kọ́kọ́ fìdí rẹmi, nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń kí ìyá rẹ. Mo sáré wọ yàrá, mo ṣí páàdì òǹtẹ̀ tí mo fi ń tẹ rìsíìtì, mo ki àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, kó lè dà bíi pé mo tẹ̀ka. Mo jáde, mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ ogun. Mo ní, "Madam, we try! See my finger!" Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti di búlúù. Ìbò ti parí láti àná, tàdáwà tèmi ṣì tutù.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ìyá rẹ dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Madam yọ áńkáṣífù, ó nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Baba, thank you for coming out." Ó sì lọ sí ilé tó kàn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé kí ìbò tó dé ló ti lọ ka ìwé orúkọ àwọn olùdìbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ìwé, ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ni. Ó ti mọ ẹni tí kò sí ní kíláàsì kí ó tó pe orúkọ. Láti ọjọ́ náà dòní, àga mi ló ń gbà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ rí, èmi tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì tó ogún ọdún. Mo dúró dè é ni.

Nítorí náà, bí o bá dé ọ́fíìsì rẹ̀, má retí ojúrere nítorí tèmi. Bí ó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Èmi tí mo ṣèlérí ìbò gbogbo Yorùbá fún un, Ìjẹ̀bú-Igbó ni káàdì tèmi náà wà. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń ṣèlérí. Ní ọjọ́ ìbò, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mo ń bá Alhaji ta dírátì, ayò orí pákó yẹn. Ní ìgbà kẹta tó gbégbá, tó sì wọlé, ìyá rẹ ló dìbò, èmi bá a mú báàgì lórí ìlà. Ìgbà kẹrin ni mo tó gbé káàdì mi wá síbí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti dìbò fún Madam Oghogho, nígbà tí kò nílò rẹ̀ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ń yá àwọn ènìyàn ní àga.